Ojú Àpá Kò Lè Jọ Ojú Ara: Àyẹ̀wò Fíìmù Pásítọ̀ àti Lèmọ́mù Ìlú Kàdúná

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kì yóò rí ẹni bá ṣeré. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ onílàjà ilẹ̀ wa máa ń fi pẹ̀tù sí aáwọ̀: wọn a ní kí oníkálukú gbé ọ̀rọ̀ náà mì, kí ó sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni wọ́n tún sọ pé ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Èrò mi ni pé àárín òwe méjèèjì yìí ni fíìmù The Imam and the Pastor, tí Alan Channer darí, tí ó sì jáde ní ọdún 2006, dúró sí. Ohun tí a óò yẹ̀ wò níhìn-ín ni èwo nínú méjèèjì ni ó gbè lẹ́yìn, àti bóyá ìdáhùn rẹ̀ kún tó.

Fíìmù yìí kò lo òṣèré. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí ni wọ́n ń fi ẹnu ara wọn ròyìn. Ní ọdún 1992, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Zangon Kataf ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, ó sì ràn dé olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà. James Wuye, tí ó jẹ́ aṣáájú láàárín àwọn ọ̀dọ́ Onígbàgbọ́ tí wọ́n gbé ohun ìjà, pàdánù ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún. Muhammad Ashafa, tí ó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, pàdánù ìbátan rẹ̀ méjì àti àgbàlagbà tí ó jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ nínú ẹ̀sìn. Ẹ̀san ni ó wà lọ́kàn àwọn méjèèjì. Ní ọdún 1995, oníròyìn kan so wọ́n pọ̀, ó ní kí wọ́n lọ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ fún àlàáfíà ìlú. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá àjọ tí a mọ̀ sí Interfaith Mediation Centre sílẹ̀ ní Kàdúná.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a yin fíìmù náà fún ni pé kò sọ Wuye di ẹni mímọ́. Ní ilẹ̀ wa, bí a bá ń pìtàn òjíṣẹ́ Ọlọ́run, a sábà máa ń fò láti orí ẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sórí ìgbàlà, bí ẹni fo gọ́tà. Ti Wuye kò rí bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé fún ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn tí òun àti Ashafa ti jọ ń ṣiṣẹ́, ìkórìíra ṣì ń jà lọ́kàn òun. Oníwàásù kan ni ó là á yé e pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè wàásù Kristi kí ó sì di ìkórìíra mọ́ àyà. Ní ti Ashafa, ìwàásù ọjọ́ Jímọ̀ kan lórí bí Ànábì ṣe dárí ji àwọn ará Tá'ífù ni ó kọ́kọ́ yí i lọ́kàn padà. Kókó tí èyí gbé jáde ṣe pàtàkì gidigidi. Àwọn ọkùnrin méjì yìí kò ṣàbùlà ẹ̀sìn wọn kí wọ́n tó rẹ́; ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wá wọ inú tirẹ̀ jinlẹ̀ ni ó rí ìdí tí kò fi gbọdọ̀ pa èkejì.

Ọwọ́ àtọwọ́dá tí Wuye ń lò ni mo kà sí ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ nínú fíìmù náà. Kò sí ọ̀rọ̀ dídùn tí ó lè bò ó mọ́lẹ̀. Níwájú ọwọ́ yìí, òwe ìgbàgbé kò rí ẹsẹ̀ fi rìn mọ́. Kàkà kí àwọn méjèèjì gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, ńṣe ni wọ́n jọ ń gbé e kiri, tí wọ́n ń rò ó fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jà. Ọgbọ́n yìí ni wọ́n gbé lọ sí Yelwa-Shendam ní ìpínlẹ̀ Plateau, níbi tí Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ ti para wọn ní ọdún 2004. Wọ́n jẹ́ kí tọ̀tún-tòsì sọ ohun tí ojú wọn rí, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ìdáríjì. Nígbà tí ó fi di ọdún 2005, ìlú náà jọ ṣe àjọyọ̀ àlàáfíà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ìròyìn ṣáájú ìdáríjì. Ẹni tí a kò tíì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ohun tí yóò fi jì ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, fíìmù náà ní àbùkù kan tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò. Ó gbé ẹ̀sìn síwájú tó bẹ́ẹ̀ tí òǹwòran tí kò mọ ilẹ̀ Kàdúná fi lè rò pé orí Bíbélì àti Kùránì ni ìjà Zangon Kataf ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibi tí wọn yóò gbé ọjà sí ni ó dá a sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1992, àríyànjiyàn àtayébáyé lórí ilẹ̀ àti oyè láàárín àwọn Atyap àti Haúsá sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdáríjì ẹni méjì kò lè pín ilẹ̀, kò sì lè fi ọba jẹ. Lóòótọ́, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni ká wí fún opó tí ó ń rí apànìyàn tí ó pa ọkọ rẹ̀ ní ọjà lójoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè? Fíìmù ogójì ìṣẹ́jú kò lè dáhùn gbogbo rẹ̀, àmọ́ ó yẹ kí ó bi ìbéèrè náà.

Àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ náà kò so èso. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2002, àwọn aṣáájú ẹ̀sìn méjèèjì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní Kàdúná. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, rògbòdìyàn tún ṣẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ náà ni kò tọ́. Onílàjà kì í ṣe babaláwo tí yóò ní ìjà kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́. Ohun tí a lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé, bí ìjà bá dé, ṣé ẹnìkan wà tí ìhà méjèèjì yóò gbà kí ó dá sí i? Kí ó tó di ọdún 1995, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Fíìmù yìí fi méjì hàn wá.

Àwa Yorùbá kò gbọdọ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí bí ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè Ọya nìkan. A máa ń yangàn pé baba jẹ́ Mùsùlùmí, ìyá jẹ́ Onígbàgbọ́, tí a sì ń jọ jẹ ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésì. Òótọ́ ni, ó sì tọ́ kí a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2016, ọ̀rọ̀ híjáàbù mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìwó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ sílé-ìwé. Ní ọdún 2021, ọ̀rọ̀ kan náà di òkúta jíjù ní Ìlọrin. Àlàáfíà tí a jogún ni a ń ná, a kò sì kọ́ iṣẹ́ ìlàjà tí a ó fi tún un ṣe bí ó bá ya. Ìdí nìyí tí mo fi kà á sí fíìmù tí ó yẹ kí a wò ní ilé-ìwé, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí wa, kí a sì jiyàn lé e lórí lẹ́yìn náà. Ohun tí Wuye àti Ashafa fi kọ́ wa ni pé a lè rí ẹni bá ṣeré láìgbàgbé ọ̀rọ̀ àná, bí àwa tí ó dùn bá lè jókòó ti ara wa kí a sì sọ ọ́ tán.