Sẹ́ẹ̀lì LiFePO4: Bí A Ṣe Ń Ṣáájì Rẹ̀ Láìséwu àti Bí A Ṣe Ń Mú Un Dọ́gba

Nínú bátìrì LiFePO4, irin àti fọ́sífééètì ni a fi ṣe apá pọ́sítíìfù, gíráfáìtì ni a fi ṣe apá nẹ́gátíìfù, lithium ló sì ń lọ tó ń bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. John Goodenough àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Texas, ní ìlú Austin, ló gbé ìwádìí lórí èròjà yìí jáde ní 1997. Lónìí, òun ló ń lé bátìrì olójé kúrò lábẹ́ inverter ní ọ̀pọ̀ ilé àti ṣọ́ọ̀bù ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ọ́síjìn inú rẹ̀ so mọ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì típẹ́típẹ́, kì í tètè tú jáde nígbà tí bátìrì bá gbóná. Ìdí nìyẹn tí kì í fi tètè gbiná bíi ti bátìrì lithium oníkóbọ́ọ̀tì. Ṣùgbọ́n ohun tí kì í tètè gbiná kì í ṣe ohun tí kò lè gbiná. Omi inú sẹ́ẹ̀lì lè gbiná, bí irin bá sì kan pọ́sítíìfù àti nẹ́gátíìfù pọ̀, sẹ́ẹ̀lì ńlá lè tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún áńpù jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Iye mẹ́ta ni oníṣẹ́ kì í gbàgbé: 3.2V ni wọ́n ń kọ sára sẹ́ẹ̀lì kan, 3.65V ni òkè tí kò gbọdọ̀ kọjá, 2.5V sì ni ìsàlẹ̀ tí kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Bí a bá so mẹ́rin pọ̀ ní síríìsì, pọ́sítíìfù ọ̀kan mọ́ nẹ́gátíìfù èkejì, ó di 12.8V, mẹ́rìndínlógún di 51.2V. Sẹ́ẹ̀lì 280Ah tó wọ́pọ̀ lọ́jà rí bíi búlọ́ọ̀kù kékeré, ìwọ̀n rẹ̀ lé díẹ̀ ní kílò márùn-ún, iná inú rẹ̀ sì tó 0.9kWh. Mẹ́rìndínlógún irú rẹ̀ ń kó iná tó lé ní 14kWh pamọ́, èyí tó tó gbé ilé kan sùn dáadáa.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti le ni pé fólítéèjì sẹ́ẹ̀lì náà kì í sọ bó ṣe kún tó. Láti nǹkan bí 20% títí dé 90%, fólítéèjì rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò láàárín 3.2V sí 3.35V. Sẹ́ẹ̀lì méjì lè jókòó síbi kan náà, kí mítà ka 3.30V lórí àwọn méjèèjì, síbẹ̀ kí iná inú ọ̀kan fi púpọ̀ ju ti èkejì lọ. Lẹ́yìn 3.40V ni ohun gbogbo ń yí padà: fólítéèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, bí omi tó ń rọra gun inú kẹ́ẹ̀gì ṣe ń yára nígbà tó bá dé ọrùn rẹ̀. Ọrùn yẹn ni òótọ́ ti ń hàn, ibẹ̀ náà sì ni a ti ń mú sẹ́ẹ̀lì dọ́gba.

Kí ni àìdọ́gba ń ṣe? Ká ní sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin wà ní síríìsì, wọ́n sì ṣe ṣájà sí 14.4V. Bí mẹ́ta bá wà ní 3.50V, àròpọ̀ wọn jẹ́ 10.5V. Ìyókù, 3.90V gbáko, ti já lé ẹnì kẹrin lórí. Lójú ṣájà, kò sí wàhálà, nítorí àròpọ̀ nìkan ló ń rí. Sẹ́ẹ̀lì kẹrin náà ló ń jìyà: omi inú rẹ̀ ń bàjẹ́, gáàsì ń kó jọ, ara rẹ̀ ń wú. Nígbà tí a bá sì ń lo iná, èyí tí iná inú rẹ̀ kéré jù lọ ló máa kọ́kọ́ dé 2.5V, gbogbo bátìrì á kú nígbà tí iná ṣì kù nínú àwọn tó kù. Agbára bátìrì kò lè ju ti sẹ́ẹ̀lì tó rẹ̀yìn jù lọ.

Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í yára so sẹ́ẹ̀lì tuntun. Á kọ́kọ́ wọn fólítéèjì kálukú wọn, á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì ya èyí tó bá wú tàbí tí iye rẹ̀ dá yàtọ̀ sọ́tọ̀. Á bọ́ òrùka àti aago ọwọ́, á fi téèpù wé sípánà rẹ̀ títí ó fi ku ẹnu nìkan. Á nu orí sẹ́ẹ̀lì àti bàbà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń so wọ́n pọ̀. Nọ́ọ̀tì tí kò le dáadáa á máa gbóná bí iná bá ti ń gbabẹ̀ kọjá, èyí tí wọ́n sì fún jù á jẹ ojú ihò rẹ̀, nítorí alumíníọ́ọ̀mù orí sẹ́ẹ̀lì rọ̀. Ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe sẹ́ẹ̀lì kọ sínú ìwé rẹ̀ ni kí wọ́n tẹ̀ lé, kì í ṣe agbára apá.

Lẹ́yìn èyí ni mímú wọn dọ́gba lókè. Ọ̀nà tó péye ni láti so gbogbo wọn ní pàrálẹ́ẹ̀lì, pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù, nẹ́gátíìfù mọ́ nẹ́gátíìfù, kí a sì fi ẹ̀rọ tó ń pèsè iná DC gbé wọn dé 3.65V pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ báyìí láti ìsàlẹ̀ á pẹ́ níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì 280Ah mẹ́rìndínlógún tó kún dé 30% ṣì ń fẹ́ nǹkan bí 3,136Ah. Ẹ̀rọ tó ń fúnni ní 10A á lo bí ọjọ́ mẹ́tàlá. Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ so wọ́n ní síríìsì pẹ̀lú BMS, ìyẹn pátákó tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ṣáájì wọn títí ọ̀kan yóò fi kan òkè tí BMS á sì já iná. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tú wọn, tí wọ́n á wá so wọ́n ní pàrálẹ́ẹ̀lì fún ìyókù. Bí fólítéèjì wọn bá ṣì jìnnà síra, kò yẹ kí wọ́n so wọ́n báyẹn, nítorí iná ńlá á ya láti inú ọ̀kan sínú òmíràn.

Kí waya tó kan sẹ́ẹ̀lì rárá ni a ti ń ṣe ẹ̀rọ DC náà sí 3.65V. Nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ojú rẹ̀ lè máa ka 3.38V fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ó máa ń ṣe oníṣẹ́ bíi kó yí i sókè kó lè yá. Ẹni tó bá yí i ti ba iṣẹ́ jẹ́, nítorí nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá dé ọrùn, kò ní sí ohun tó máa dá a dúró ní 3.65V mọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bó bá dé òkè, áńpù á máa lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òdo, iṣẹ́ parí, kí wọ́n sì yọ waya lójú ẹsẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá wálẹ̀ sí nǹkan bíi 3.4V lẹ́yìn ìsinmi, kò tíì bàjẹ́, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

BMS ni odi ìkẹyìn, kì í ṣe ohun tí a ó máa fi dá ṣáájì dúró lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń mú sẹ́ẹ̀lì dọ́gba nípa sísun iná tó lé nínú èyí tó ga dànù, bíi 0.05A sí 0.1A. Ìyàtọ̀ 5Ah á gba 0.1A ní wákàtí àádọ́ta lókè, ìdí nìyẹn tí BMS kò fi lè tún iṣẹ́ ọ̀lẹ ṣe. Báláńsà tó ń gbé iná láti inú èyí tó ga sínú èyí tó lọ sílẹ̀ máa ń yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó lè gbé 1A tàbí 2A. Kí wọ́n ṣe é kó bẹ̀rẹ̀ láti 3.40V sókè nìkan. Bó bá ṣiṣẹ́ níbi tí fólítéèjì ti tẹ́jú, ó lè gba iná lọ́wọ́ ẹni tí kò ní.

Ní ti ṣájà, 14.0V sí 14.4V tó fún sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, 56V sí 57.6V fún mẹ́rìndínlógún. Kí wọ́n pa ètò bátìrì olómi lórí inverter, pàápàá èyí tó ń gbé fólítéèjì sókè láti fi ro omi ásíìdì pọ̀. Áńpù tí kò ju ìdajì Ah bátìrì lọ ń tọ́jú rẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá lọ sísàlẹ̀ 0°C, bó ṣe máa ń rí nínú gáréèjì Amẹ́ríkà nígbà òtútù, kò yẹ kí a ṣáájì rárá, nítorí lithium á máa lẹ̀ mọ́ ojú gíráfáìtì, sẹ́ẹ̀lì á sì bàjẹ́ títí láé. Nílẹ̀ Yorùbá, ooru ni ọ̀tá: kí a má gbé bátìrì sábẹ́ páànù gbígbóná tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Kí fíúsì tó tó wà láàárín bátìrì àti inverter, nítosí bátìrì.

Adùn iṣẹ́ yìí wà ní wákàtí ìkẹyìn ṣáájì, nígbà tí BMS bá fi iye sẹ́ẹ̀lì mẹ́rìndínlógún hàn lójú fóònù, 3.447, 3.449, 3.446, tí gbogbo wọn ń gòkè pọ̀ tí ọ̀kan kò yà. Kí ẹni tó ń ra bátìrì béèrè láti rí iye wọ̀nyẹn ní òpin ṣáájì. Oníṣẹ́ tí kò bá lè fi wọ́n hàn án, kó má sanwó fún un.