Bàbá Kò Ti Tọ́kì Wá

Akẹgbẹ́ mi kan tún ti jí àbá àtijọ́ dìde. Ó ní nítorí pé àwọn ará Tọ́kì ń pe òbí ọkùnrin ní baba, tí àwa náà ń pè é ní bàbá, ìlà-oòrùn la ti gbé ọ̀rọ̀ náà wá. Irú ẹ̀rí yìí ti pẹ́ láàárín wa. Johnson wá orírun Yorùbá lọ sí ìlà-oòrùn nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ní 1948, Lucas to ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ọ̀rọ̀ Íjíbítì àtijọ́, ó sì ka ìjọra wọn sí ìbátan. Àwọn wọ̀nyẹn ní àwíjàre, nítorí ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè kò tíì gbilẹ̀ lórí Yorùbá nígbà ayé wọn. Ẹni tó ń kọ̀wé lónìí kò ní in.

Gbogbo wa la mọ òfin iṣẹ́ yìí. Ìbáramu ìró gbọ́dọ̀ fara hàn léraléra. P ti Látìn bá f ti Gẹ̀ẹ́sì mu nínú pater àti father, nínú piscis àti fish, nínú pes àti foot. Grimm ti là á sílẹ̀ láti 1822. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kì í dá ẹjọ́ ìbátan. Akẹgbẹ́ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ló bá sá sẹ́yìn iye: ó ní Hausa ń pè é ní baba, Swahili ń pè é bẹ́ẹ̀, Zulu náà ń pè é bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò lè jẹ́ èèṣì.

Èmi náà kò pè é ní èèṣì. Kí ọmọ ọwọ́ tó mọ ọ̀rọ̀ kankan sọ, ìró tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni èyí tí ètè ń pàdé tí ẹnu sì ń là: ba, ma, pa. Yóò máa tún un pè ṣáá, àgbà tó gbé e lẹ́sẹ̀ yóò sì gbà pé òun ni wọ́n ń pè. Roman Jakobson ṣàlàyé èyí ní 1959, nígbà tó ń yẹ ọ̀rọ̀ 1,072 tí Murdock kó jọ fún ìyá àti baba wò. Ó so m tó pọ̀ nínú orúkọ ìyá mọ́ ìkùn ọmọ tó ń mu ọmú, tí ẹnu rẹ̀ dí, tí ohùn ń gba imú jáde.

Àwọn kan a máa fi èdè Jọ́jíà ta ko Jakobson, nítorí níbẹ̀ mama ni baba, deda sì ni ìyá. Wọn kò kà á délẹ̀. Ìró ni ti ọmọ; ìtumọ̀, ọwọ́ àgbà ló wà. Ìdí nìyẹn tí baba fi jẹ́ ìyá àgbà lẹ́nu àwọn ará Rọ́ṣíà àti Pólándì, tí ó sì jẹ́ arúgbó obìnrin ní Japan. Bí ìjọra bá jẹ́ ìbátan, kí akẹgbẹ́ mi sọ fún wa ìgbà tí baba wa di obìnrin.

Ṣùgbọ́n Ígálà gan-an ló fọ́ àbá rẹ̀ túútúú, ó sì yà mí lẹ́nu pé kò dárúkọ rẹ̀ rárá. Ígálà wà lára àwọn èdè tó sún mọ́ Yorùbá jù lọ, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Síbẹ̀ Ígálà kì í pe baba ní baba. Ata ni wọ́n ń pè é, òun náà sì ni oyè ọba wọn ní Ìdàh. Tọ́kì náà ní ata! Òun ló wà nínú Atatürk, orúkọ tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fún Mustafa Kemal ní 1934. Atta ni Gọ́tíìkì ń lò fún baba, attas ni ti Hítáìtì àtijọ́. Ṣé Tọ́kì pín ọ̀rọ̀ méjèèjì ni, tó fi baba fún Yorùbá, tó sì fi ata fún Ígálà? Ẹni tó bá gba ìdajì àbá yìí gbọ́dọ̀ gba ìdajì kejì.

Akẹgbẹ́ mi tún fo ohùn dá. Yàtọ̀ sí bàbá, a ní baba olóhùn àárín, òun ló sì wà nínú babaláwo. Bàbà tún wà, irin pupa tí a fi ń rọ nǹkan. Èwo ni Tọ́kì fún wa?

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ìrìn àjò tòótọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí rìn wà nílẹ̀, a kò náání rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ ilé ń tú, ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Bahia àti Kúbà. Babalaô àti babalorixá wà ní Bràsíì títí dòní. Babalawo àti Babalú Ayé wà ní Kúbà. Níhìn-ín, ìtàn wà, ìró bára mu, ìtumọ̀ kò yẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn sì bá a rìn: iyalorixá, ilê, axé. Ìbátan nìyẹn.

Ní Salvador, ní Bahia kan náà, babá ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò fẹ́ so ó mọ́ wa. Kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé òrìṣà ní ẹbí tó tẹ̀ lé e la òkun kọjá. Ti olùtọ́jú ọmọ dá dúró, ìró nìkan ló ní.