Asọ̀rọ̀mágbèsì: Kí Ni Tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn Wá Fèsì Sí?

Gbogbo ìgbà tí 31 October bá ti dé, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan ló máa ń gba ojú íntánẹ́ẹ̀tì kan láàárín àwa ọmọ Yorùbá: First in Africa. Ẹnìkan á gbé àwòrán àtijọ́ ilé iṣẹ́ WNTV jáde, ẹlòmíì á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Awólọ́wọ̀ ti rí ọ̀la kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹlòmíì á ní àwa la kọ́kọ́ ṣe é kí àwọn tó kù tó jí. Àwa tí à ń kọ èyí náà máa ń fi ọwọ́ kàn án, a óò sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ wa. Òótọ́ ni pé ní 31 October 1959 ni Western Nigeria Television bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn. Òótọ́ náà ni pé Nàìjíríà kò tíì gba òmìnira nígbà yẹn. Ohun ìwúrí ni. Àmọ́ ọdún ti ń gorí ọdún tí à ń yangàn yìí, ó sì dà bí ẹni pé ìyangàn náà ti gbé ọ̀rọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ mì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti “àkọ́kọ́” yìí. Bí a bá mú Áfíríkà lódindi, WNTV kọ́ ni àkọ́kọ́. Tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní Morocco ní 1954, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pẹ́ tó fi kógbá sílé. Ní 1956, àwọn Faransé gbé tiwọn kalẹ̀ ní Algeria. Àwọn tó mọ ìtàn yìí máa ń fi bọ́ọ̀lù gbá wa lójú tí a bá ti ń fọ́nnu, àwa náà á sì sáré sọ pé “ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú” la ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, kí ni ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì gan-an? Àwọn Faransé tó ń gbé ní Casablanca àti Algiers ni tẹlifíṣọ̀n ọ̀hún ń bá sọ̀rọ̀ jù. Tìbàdàn yàtọ̀: ìjọba tí àwọn ọmọ ilẹ̀ fúnra wọn dìbò yàn ló ní òun fẹ́ ẹ, ìdí tó sì fi fẹ́ ẹ ni pé wọ́n bú u, wọn kò sì jẹ́ kó fèsì.

Ibí ni èdè wa ti ràn wá lọ́wọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì mọ ohun tó ń sọ. Ohun tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì ni. O lè pariwo mọ́ ọn, o lè gbé e lulẹ̀, kò ní gbọ́. Orúkọ yẹn dà bí ẹ̀fẹ̀, àmọ́ ẹjọ́ ńlá wà nínú rẹ̀.

Ní March 1953, Anthony Enahoro gbé àbá kalẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ékòó pé kí Nàìjíríà máa ṣe ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Àwọn aṣojú Àríwá kò fara mọ́ ọdún náà, ọ̀rọ̀ sì di iṣu ata yán-an yàn-an, títí tí Action Group àti NCNC fi dìde tí wọ́n jáde. Gómìnà wa nígbà náà, Sir John Macpherson, gba orí rédíò ìjọba lọ, ó sì bẹnu àtẹ́ lu Action Group, ó fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n da àdéhùn. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè lórí rédíò kan náà kí òun fèsì. Wọ́n kọ̀. Ẹ ò rí i pé asọ̀rọ̀mágbèsì ti kúrò ní orúkọ, ó ti di ìwà.

Ìdáhùn tí Ìwọ̀-Oòrùn fọ̀ kò ṣe é sọ lẹ́nu. Òfin ìlú ti 1954 fún àwọn ẹkùn láṣẹ láti dá ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiwọn sílẹ̀, ìjọba Awólọ́wọ̀ sì bá ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan, Overseas Rediffusion, dòwò pọ̀. Enahoro yìí kan náà, ẹni tí àbá rẹ̀ dá wàhálà 1953 sílẹ̀, ni mínísítà tí ọ̀rọ̀ náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1955, olùkọ́ kò sì tó, torí náà wọ́n sọ fún aráàlú pé tẹlifíṣọ̀n yóò máa ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́. A gbà pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ 1953 á mọ̀ pé èsì ni wọ́n ń kọ́lé fún.

Kí ni àwọn ará ilé wá rí nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ náà? Wọ́n rí Aníkẹ́ Àgbájé-Williams, tí a kà sí ojú obìnrin àkọ́kọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n wa. Wọ́n rí fíìmù òyìnbó lóríṣiríṣi, torí pé ó rọrùn láti rà ju kéèyàn ṣe tirẹ̀ lọ. Ní 1960, Ṣẹ́gun Olúṣọlá gbé eré kan tí Wọlé Ṣóyínká kọ, My Father's Burden, sáfẹ́fẹ́. Òun ni wọ́n kà sí eré orí tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ tí a kọ níbí. Gẹ̀ẹ́sì ni, àwọn tó ní ẹ̀rọ nílé kò sì pọ̀. Àwọn aláṣẹ ti rí ibi fèsì fún òyìnbó, àmọ́ ìyá oníṣu tó wà ní Ọjà Ọba ṣì ń wo òkèèrè.

Àwọn eléré tíátà ló ṣí ilẹ̀kùn fún un. Nígbà tí Móses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, gbé Aláwàdà dé WNTV ní àwọn ọdún 1960, tí Dúró Ládiípọ̀ náà gbé Bọ́dé Wásinmi dé, èdè tí wọ́n ń sọ nínú ẹ̀rọ náà wá di èdè tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn ilé. Àwọn ènìyàn á kó jọ síwájú ilé ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á sì máa dá Bàbá Sàlá lóhùn bí ẹni pé ó ń gbọ́. Ẹ má fi ìyẹn ṣeré. Ẹni tó ń dáhùn ẹ̀rọ ti gbà pé òun náà lẹ́nu.

Èyí tó wú wa lórí jù ni Kóòtù Aṣípa ti Oyin Adéjọbí. Gbogbo eré yẹn, ẹjọ́ ni. Olùpẹ̀jọ́ á rò, olùjẹ́jọ́ á rò, ẹlẹ́rìí á sọ tẹnu rẹ̀, adájọ́ á gbọ́ tọ̀tún-tòsì kó tó dá a. Ó máa ń pani lẹ́rìn-ín, àmọ́ ohun tí Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́ ló ń fi hàn: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Lójú tiwa, eré náà sún mọ́ ohun tí Awólọ́wọ̀ bèèrè ní 1953 ju ìròyìn aago mẹ́sàn-án lọ. Ó sì ṣeni láàánú pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ṣe ní ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ yẹn kò sí níbi kankan mọ́ tí ọ̀dọ́ òní ti lè wò ó. A pa “àkọ́kọ́” mọ́, a jẹ́ kí iṣẹ́ tí àkọ́kọ́ ṣe ṣòfò.

Àbùkù tó wà lára ìtàn yìí nìyí, a kò sì fẹ́ fi pamọ́. Ilé tí wọ́n kọ́ torí èsì kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì. Òṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn dàrú ní 1962, àkóso bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó dá WNTV sílẹ̀, ẹni tó bá sì ti wà ní àga ló ń ni gbohùngbohùn. Ní October 1965, lẹ́yìn ìdìbò tí ọ̀pọ̀ aráàlú ní magomágo ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ Premier S. L. Akíntọ́lá sórí téèpù kí wọ́n tó gbé e sáfẹ́fẹ́. Ọkùnrin kan tòun ti ìbọn wọ ilé iṣẹ́ WNBS, rédíò tó jẹ́ ọmọ ìyá WNTV, ó ní kí wọ́n yọ téèpù Premier, kí wọ́n fi tòun sí i. Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n mú lọ sí kóòtù. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀ ní December ọdún náà, òun fúnra rẹ̀ sì padà sọ ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé rẹ̀. Ẹ ronú sí i: ẹni tí wọ́n gbé eré rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ ní 1960, ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn náà, ìbọn ni wọ́n ní ó fi wá àyè láti sọ̀rọ̀.

Látìgbà yẹn ni ó ti ń lọ bẹ́ẹ̀. Ní 1977, ìjọba ológun kó gbogbo tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ sábẹ́ NTA. Nígbà tí òfin 1979 tún fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè, kíá ni kálukú dá tirẹ̀ sílẹ̀: Èkó ní 1980, Ògùn ní 1981 pẹ̀lú OGTV l'Ábẹ́òkúta. Ohun tí Awólọ́wọ̀ ṣe ni gbogbo wọn tún ṣe: ẹni tí kò ráyè sọ̀rọ̀ nílé ẹlòmíì kọ́ ilé tirẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lówó ilé ń kọ́?

Ìbéèrè yìí ló jẹ́ kí àwa tí à ń gbé ní Mowe, Ibafo àti Ifọ̀ máa wo ayẹyẹ 31 October tìfura-tìfura. Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀, kò tíì sí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. 1978 ni wọ́n ṣí i. Ifọ̀ ti wà lójú ọ̀nà rélùwéè látijọ́, àmọ́ Mowe àti Ibafo kéré púpọ̀ nígbà náà. Lónìí, ilé ti kún tìẹ́ tìẹ́. Òwúrọ̀ kùtù la ti ń jáde lọ sí ibi iṣẹ́ l'Ékòó, alẹ́ la ń padà. Ará Èkó ń pè wá ní ará Ògùn, Abẹ́òkúta sì ń wò wá bí ará Èkó. Tẹlifíṣọ̀n Èkó ń wọlé, ti Ìpínlẹ̀ Ògùn ń wọlé, a rí gbogbo wọn, àwọn ni kì í rí wa.

Ẹ bi ara yín: nígbà wo ni kámẹ́rà máa ń dé ọ̀dọ̀ wa? Tí tánkà bá gbiná lójú márosẹ̀. Tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ bá le jù. Tí ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ìjọ ńlá tó wà lójú ọ̀nà wa mọ ọgbọ́n inú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n tiwọn, ohùn wọn sì ń ti Mowe dé òpin ayé. A kò bá wọn jà; ohun tí WNTV ṣe ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ onílé àdúgbò tó dáwó ra òpó iná, tó tún ń dáwó da yẹ̀pẹ̀ sójú ọ̀nà ní gbogbo ìgbà òjò, kò lè dáwó ra tẹlifíṣọ̀n. Tí aláṣẹ bá jókòó ní stúdíò tó ní òun ti ṣe ọ̀nà náà, ta ló máa fún ìyá tó ń ká ìró sókè nínú ẹrẹ̀ n'Ifọ̀ láyè láti wí pé irọ́ ni?

Ẹ ó ní fóònù ti dé. Òótọ́ ni, fóònù ló gbà wá. Àmọ́ ẹ rántí October 2020: nígbà tí AIT, Channels àti Arise gbé fídíò tí àwọn ọ̀dọ́ yà nígbà EndSARS jáde, àjọ NBC bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ní June 2021, ìjọba ti Twitter pa, January 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Macpherson ti kú tipẹ́, ìwà rẹ̀ ṣì wà láàyè.

Àwa náà ní láti ṣọ́ra. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó ń ṣe live lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹnikẹ́ni kò dúró gbọ́ ẹnìkejì, asọ̀rọ̀mágbèsì ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n. Kí èsì tó jẹ́ èsì, ó gbọ́dọ̀ dé iwájú ẹni tí ẹjọ́ kàn, kó sì di dandan fún un láti dáhùn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí àwọn tẹlifíṣọ̀n tí owó ìlú ń bọ́, OGTV ni kó ṣáájú, fi wákàtí kan sílẹ̀ lọ́sẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ará Ọbáfẹ́mi-Owódé rojọ́, kí ará Ifọ̀ rojọ́, kí alága jókòó níbẹ̀ kó dáhùn, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Kóòtù Aṣípa. Kí wọ́n sì tọ́jú téèpù rẹ̀, kí alága tó ń bọ̀ lè wo ohun tí ẹni ìṣáájú ṣèlérí.

Tí 31 October bá tún dé, a óò tún rí àwòrán àtijọ́ yẹn, a óò sì tún fi ránṣẹ́ síra wa. Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè kan sábẹ́ rẹ̀: lọ́dún yìí, ta ló ní òun fẹ́ fèsì, tí wọ́n ní kó jókòó?