Ilé Orí Omi ní Màkókó

Ní abúlé orí ilẹ̀, kò ṣòro láti rí ibi ìpàdé. Bí kò bá sí gbọ̀ngàn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálẹ̀ wà. Bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò bá gba ènìyàn, abẹ́ igi odán wà. Ṣùgbọ́n àwọn apẹja Ẹ̀gùn tí wọ́n tẹ̀dó sórí ọ̀sà ní Màkókó, tí í ṣe aládùúgbò wa ní Ìwáyà, orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé wọn sí, ọkọ̀ sì ni ẹsẹ̀ wọn. Níbo ni wọn yóò tẹ́ ẹní sí fún àpérò?

Nítorí náà ni ilé ẹ̀kọ́ tí Kúnlé Adéyẹmí, ayàwòrán ilé, kọ́ sí ibẹ̀ ní ọdún 2013 ṣe yẹ fún àgbéyẹ̀wò wa. Ó dàbí òrùlé ńlá tí a gbé kalẹ̀ sórí omi láìsí ògiri: ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, kí ìjì má ba à tètè bì í ṣubú. Pákó àti ọparun ni a fi kọ́ ọ. Àgbá oníke 256 ni ó gbé e léfòó. Bí omi bá kún, ilé a gòkè, bí omi bá fà, ilé a sọ̀ kalẹ̀. Àjà mẹ́ta ni ó ní. Iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wà lókè, ṣùgbọ́n ti ìsàlẹ̀ ni mo yìn jù: gbangba ni a fi í sílẹ̀, kí àwọn ọmọ lè máa ṣeré níbẹ̀, kí àwọn àgbà sì lè péjọ.

Ní oṣù Èbìbì ọdún 2016, èkejì irú rẹ̀ gba ẹ̀bùn Kìnnìún Fàdákà ní ìlú Venice, ní Ítálì. Ní ọjọ́ 7 oṣù Òkúdu tí ó tẹ̀lé e, òjò ńlá rọ̀, ti Màkókó sì wó. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé a ti kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ ṣáájú. Ẹnikẹ́ni kò kú.

Bí ẹnìkan bá wí pé ilé tí a fi itọ́ mọ ni, ìrì ni ó wó o, èmi kò fi ọwọ́ sí i. Ìrísí ilé náà bá omi mu. Ṣùgbọ́n pákó orí omi a máa jẹrà. Apẹja a máa lẹ ọkọ̀ rẹ̀, a sì máa pààrọ̀ òpó ilé rẹ̀, láìdúró de ẹnikẹ́ni, nítorí tirẹ̀ ni. Ilé gbogbo ènìyàn, bí a kò bá ṣọ́ra, a di ilé tí kò ní olúwa. Àwòrán ilé a máa fi òpó àti òrùlé hàn. Kì í fi ẹni tí yóò pààrọ̀ pákó hàn.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí a bá ń pète gbọ̀ngàn ní abúlé yín, ẹ béèrè kí a tó gbé òpó kìíní nàró: ta ni yóò máa tún un ṣe?