Ọ̀rọ̀ Ìmàle Nínú Bíbélì Wa

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Ìlaròó, mo bá oníwàásù kan lẹ́bàá ọjà, ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu. Ó ní kí á gbàdúrà, ó ní òun wá wàásù. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn Ìmàle, pé wọn ò mọ Ọlọ́run. Ìyá Alhaja kan tó ń ta iṣu gbójú sókè, ó ní, "Ọlọ́run á fún gbogbo wa ní sùúrù, ọmọ mi." Ó bá ń ka iṣu rẹ̀ lọ. Ojú tì mí, nítorí onígbàgbọ́ ni èmi náà.

Nílẹ̀ Yewa wa yìí, láti Ìlaròó títí dé Ayétòrò, agbo ilé mélòó ni kò ní Jóòṣúà àti Ràfíù lábẹ́ òrùlé kan? Ta wá ni ọkùnrin yìí ń bú, bí kì í bá ṣe ẹbí?

Mo délé, mo ṣí Bíbélì Yorùbá. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí á yẹ ìwé yìí wò bí a ti ń yẹ ìwé yòókù wò, kí á wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ ọ́. Àdúrà tí ọkùnrin náà pè wá sí, inú èdè Lárúbáwá ló ti wá. Wàásù tó ní òun ń ṣe ńkọ́? Bákan náà ni. Wa'azi ni àwọn Haúsá ń pè é. Wòlíì, Lárúbáwá ni. Àlàáfíà, Lárúbáwá ni. Àlùfáà tí a fi ń pe Áárónì, olùkọ́ Kùránì ni Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀ kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé. Bí oníwàásù wa bá dá gbogbo ọ̀rọ̀ Ìmàle padà fún wọn, kí ni yóò kù tí yóò fi bú wọn?

Ta ló kó àwọn ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀? Samuel Àjàyí Crowther ni aṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì yìí, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884. Bẹ́ẹ̀, bí ẹnì kan bá nídìí láti kórìíra Ìmàle, òun ni. Ní 1821, nígbà tó wà lọ́mọdé, àwọn Fúlàní àti Ìmàle Ọ̀yọ́ wà lára àwọn tó fọ́ Òṣogùn, ìlú rẹ̀, tí wọ́n sì kó o lẹ́rú. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú lẹ́tà ní 1837. Ì bá ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun tí kò ní ọwọ́ Ìmàle nínú. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà lẹ́nu ará ìlú ló mú. Nígbà tó dé iwájú Ẹ́míà Ìlọrin ní 1872, tí wọ́n ń bi í ní ìbéèrè ẹ̀sìn, inú Ìwé Mímọ́ ló ti ń dáhùn, kò sọ ọ́ dìjà. Kì í ṣe pé ó ka ẹ̀sìn méjèèjì sí ọ̀kan náà o. Bíṣọ́ọ̀bù ni, ó fẹ́ kí wọ́n gba Jésù. Àmọ́ ó mọ̀ pé èébú kì í yí ọkàn padà.

Mo ní ẹjọ́ kan bá ìtumọ̀ náà rò. Ọ̀wọ̀ tó fún Ìmàle, kò fún àwọn abọ̀rìṣà. Èṣù tí àwọn bàbá wa ń bọ, òun ni wọ́n fi pe ọ̀tá Ọlọ́run. Àléébù ńlá nìyẹn, kò sì tíì kúrò nílẹ̀ títí dòní.

Síbẹ̀, ẹ ṣí Kọ́ríńtì Kìíní, orí 13. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù fẹ́ sọ bí ìfẹ́ ti rí, sùúrù ni ìwà tó kọ́kọ́ dárúkọ. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni sùúrù náà: sabr. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ní Ìlaròó, ìyá oníṣu ló ní in. Ọkùnrin tó gbé Bíbélì dání kò ní in.