Irin Tó Kú àti Irin Tó Ṣì Lẹ́mìí

Kíráńkì inú ẹ́ńjìnnì a máa fọhùn. Fi okùn gbé e kọ́, kí o fi òòlù kékeré kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ara rẹ̀ bá dá ṣáṣá, ohùn rẹ̀ á dún gooro, á sì pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Bí ó bá ti sán níbì kan, á kàn dún gbì, bí ìgbà tí èèyàn lu àpáàdì. Ìdánwò tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ kọ́ mi nìyẹn, òun náà ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní Airport Road nílùú Warri.

Ọ̀pọ̀ rò pé títú ẹ́ńjìnnì ni iṣẹ́. Ẹni tó bá ní sípánà àti sùúrù lè tú òkú ẹ́ńjìnnì dé ìsàlẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá wà nílẹ̀, tí ọ́yìlì ń kán, ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀: èwo ni ká fi pamọ́, èwo ni ká tà, èwo ni ká kó fún àwọn ọmọ tó ń ti ọmọlanke kiri, tí wọ́n ń ké "condemn iron"? Ìdájọ́ yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ojú nìkan kò lè ṣe é. Kíráńkì tó ń dán yinrin lè ti kú, èyí tí ọ́yìlì gbígbẹ bò mọ́lẹ̀ sì lè ṣì wúlò fún ọdún púpọ̀.

Lẹ́yìn ohùn, ó kan máíkírómítà. Ibi tí mẹ́tàlì (bẹ́árìn tó ń wé kíráńkì) ń jókòó lé ni à ń wọ̀n, lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí ó lè jẹ lápá kan kó má jẹ lápá kejì. Bí ó bá jẹ díẹ̀, a ó gbé e lọ fún àwọn tó ń lọ̀ ọ́, a ó ra mẹ́tàlì 0.25 tàbí 0.50 mìlímítà sí i. Bí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ bá ti lọ̀ ọ́ kọjá mẹ́tàlì tó wà lọ́jà, ó parí nìyẹn. Ti tọ́ọ̀pù sílíńdà yàtọ̀. Màá fi kẹrosíìnì pa á lára, màá nù ún gbẹ, màá wá ku ẹfun lé e (ṣọ́ọ̀kì ilé ìwé náà á ṣe é). Bí ó bá sán, kẹrosíìnì tó ti wọ inú rẹ̀ á jáde, á fa ìlà tútù sára ẹfun. Àárín ihò fáàfù méjì ni mo ti máa ń kọ́kọ́ wò ó.

Mi ò ní purọ́, mo fẹ́ràn Peugeot 504, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò pọ̀ ní Kàdúná ní 1975. Irin ni bọ́lọ́ọ̀kì rẹ̀, sílíńdà inú rẹ̀ sì ṣeé yọ: bí písítìnì bá ha á, a ó fa èyí tó bàjẹ́ jáde, a ó ti tuntun bọ̀ ọ́. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kì í tètè di ìdọ̀tí. Ẹ wá wo Camry tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, èyí tó ń lo ẹ́ńjìnnì 2AZ. Alumíníọ̀mù ni bọ́lọ́ọ̀kì rẹ̀. Ó fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tiréèdì tó ń di bóòtì tọ́ọ̀pù sílíńdà mú a máa yọ, pàápàá lápá ẹ̀yìn. Omi á máa jò, ẹ́ńjìnnì á máa gbóná. Nítorí náà, bọ́lọ́ọ̀kì 2AZ tí tiréèdì rẹ̀ ṣì le, n kì í tà á wéréwéré. Kíráńkì tí mo bá fi pamọ́, màá kun gíríìsì sí i, màá fi ọ̀rá wé e, màá nà án ró sí kọ̀rọ̀. Òjò Warri kì í ṣojú àánú sí irin.

Àwọn ẹ̀yà kan kò gba ìrònú. Kíìkì sítátà àti ọ̀tánétọ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́, títà ni. Catalyst kì í sùn mọ́jú lọ́dọ̀ mi, torí platinum, palladium àti rhodium inú rẹ̀ ni àwọn oníkọ̀ndẹ́ẹ̀mù ń wá kiri. Písítìnì tó ti ha, á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yọ́ alumíníọ̀mù, ó sì lè padà wálé bí ìkòkò ọbẹ̀.

Ohun tí mi ò ní tà láéláé ni bóòtì tọ́ọ̀pù sílíńdà tó ti nà, tímìnnì bẹ́ẹ̀tì àlòkù, àti kọ̀nrọ́ọ̀dù inú ẹ́ńjìnnì tó ti nọ́ọ̀kì. Oníbàárà á ní, "Oga, give me am like that, I go manage am." Ọ̀nà Sapele sí Benin kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń mánéèjì kọ̀nrọ́ọ̀dù. Bó bá já lórí eré, á lu bọ́lọ́ọ̀kì jáde.

Irú ìwọ̀nyí, n kì í kàn jù wọ́n nù, pípa ni mo máa ń pa wọ́n. Mo mọ ohun tí àwọn kan ń fi wọ́n ṣe: wọ́n á fi pẹ́tírọ́ọ̀lù fọ̀ ọ́, wọ́n á fọ́n ọ̀dà sílífà sí i, ó di Bẹ́ljíọ̀mù, ìyẹn tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú kọ̀ǹtéénà. Nítorí náà, màá tẹ kọ̀nrọ́ọ̀dù, màá fi òòlù ńlá la tọ́ọ̀pù sílíńdà tó sán, màá gé bẹ́ẹ̀tì sí méjì. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ní à ń fi agbára ṣòfò. Bó bá jẹ́ owó ló ń rò, kílò ni wọ́n fi ń ra irin kọ̀ndẹ́ẹ̀mù: èyí tó fọ́ àti èyí tó pé, iye kan náà ni.