Ásíìdì Inú Egbò Orin Ata

Bí ẹ bá ní kí àwọn elewé ọmọ ní Mushin tà yín ní egbò orin ata, wọn kò ní bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe. Àwọn kan ń fi í fọ eyín, àwọn mìíràn ń sè é fún ọmọ tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń dà láàmú. Ní Ìdí-Àràbà, níbi tí Yunifásítì Èkó ti ń kọ́ àwọn apòògùn, tí ibùdó àwọn alárùn yìí sì kọjú sí ọsibítù LUTH, ìbéèrè wà: kí ló wà nínú egbò náà gan-an?

Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ gidi mú ìbéèrè yìí. Ní 1971, àwọn olùwádìí méjì, Ṣófowórà àti Isaacs, kọ̀wé pé omi egbò orin ata ń dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bíi dòjé padà sípò nínú ìgò àyẹ̀wò. Ní 1975, àwọn àti Ògúnkọ̀yà yọ ásíìdì kan jáde nínú egbò náà. Ní 1977, Elújọba àti Ṣófowórà wọn àpapọ̀ ásíìdì tó wà níbẹ̀.

Gbólóhùn kan péré ni “yọ ásíìdì jáde” nínú ìwé, àmọ́ iṣẹ́ ńlá ni lọ́wọ́. Oje egbò ti wà nínú ether, ohun olómi tí kì í pò mọ́ omi, tòun ti òróró àti oríṣiríṣi nǹkan kíkorò. Oníṣẹ́ á dà á sínú àrọ onígíláàsì tó ní ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀, á da omi sodium bicarbonate lé e. Ásíìdì á bá bicarbonate jà, á di iyọ̀, á fi ether sílẹ̀ bọ́ sínú omi. Ìjà yẹn ń tú gáàsì, nítorí náà ẹni tó bá fi ipá mi àrọ ni ìdérí yóò fò mọ́ lójú. Ọ̀jáfáfá á fi àtẹ́lẹwọ́ di ìdérí mú, á dojú àrọ kodò, á mì ín díẹ̀, á kọ ẹnu ẹ̀rọ síbi tí ènìyàn kò sí, á ṣí i: ṣìì! Á dé e, á tún mì ín.

Ó wá ku sùúrù. Ether á léfòó, omi á wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá mì ín jù, ìfófòó á bo ààlà àárín wọn, àfi kí ènìyàn dúró. Bí ààlà bá hàn, oníṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi bá a dọ́gba, á jẹ́ kí omi máa kán, tó, tó, tó, á sì dé ẹnu ẹ̀rọ kí ether tó bá a jáde. Lẹ́yìn náà ni yóò kán hydrochloric acid sínú omi náà. Omi á hó, bí ásíìdì bá sì pọ̀ tó, omi tó mọ́ gaara á rú. Ásíìdì ti padà sí ipò rẹ̀ nìyẹn.

Síbẹ̀, kò tíì ní orúkọ. Wọ́n á kán an sórí pátákó silica lẹ́gbẹ̀ẹ́ ásíìdì tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, bíi p-hydroxybenzoic acid àti vanillic acid, wọ́n á jẹ́ kí ohun olómi fà wọ́n gòkè, wọ́n á wo bóyá wọ́n jọ gùn dé ibì kan náà. Ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí, torí nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè jọ gùn dọ́gba. Wọ́n á yọ́ ọ lórí iná: p-hydroxybenzoic acid ń yọ́ ní nǹkan bí 214 sí 215 °C. Wọ́n á tún pò ó mọ́ èyí tí wọ́n mọ̀. Bí ìwọ̀n ooru tó fi ń yọ́ bá lọ sílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Lójú tèmi, ibí yìí ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà: kí ọwọ́ tó ti ṣe làálàá tó báyìí ṣì kọ̀ láti pe orúkọ títí ẹ̀rí yóò fi pé.

Egbò méjì nínú igbá kan náà lè má ní iye ásíìdì kan náà, ife àgbo kò sì lè sọ èyí tó pọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má tìtorí àgbo dá oògùn tí dókítà kọ fún ọmọ yín dúró.